Bí A Ṣe Ń Mú Kí GMC Syclone Dúró Ṣinṣin Lójú Ọ̀nà

Ọdún 1991 ni GMC ṣe pick-up yìí, gbogbo èyí tí wọ́n sì ṣe kò ju nǹkan bí 3,000 lọ. Ẹ́ńjìnnì V6 lítà 4.3 tó ní turbo ló wà níwájú rẹ̀, agbára ẹṣin 280. Iwájú wúwo, ẹ̀yìn fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fi ń ta kúrò lójú ọ̀nà bó bá já sí kòtò láàárín Ikorodu àti Itoikin. Àwọn kan á ní kí ẹ fi sípírínìgì líle sí i. Ẹ má tíì dá wọn lóhùn. Àwọn rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ náà (búṣìn), tó ti lé ní 30 ọdún, àti àwọn oríkèé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ gbé e sókè, kí ẹ fi stand sábẹ́ ṣáásì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ di táyà iwájú mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bó bá ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bíárìn ti jẹ. Ẹ wá dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ mì í: bó bá ń mì báyìí, tie rod, irin tí sítíárìn fi ń yí táyà, ló ti jẹ.

Tí ẹ bá pààrọ̀ búṣìn arm (apá irin tó so táyà mọ́ ṣáásì), ẹ má fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ná, kó jókòó, kí ẹ tó fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà á lọ́ po, á sì ya láìpẹ́. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́.

Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ pààrọ̀ wọn.

Torsion bar, ọ̀pá irin tó ń lọ́ bíi sípírínìgì, ló gbé iwájú rẹ̀ dúró. Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ sílẹ̀, ẹ fi ọ̀dà sàmì sórí nọ́ọ̀tì rẹ̀, kí ẹ yí ọ̀tún àti òsì ní iye kan náà. Ẹ má jẹ́ kó ju ínṣì kan lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo kòtò ni yóò máa gbá ṣáásì.

Táyà 245/50R16 ni ilé iṣẹ́ fi sí i. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà, kí gbígbó wọn sì bára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra tòkunbọ̀ méjì kún méjì tó wà nílẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí, viscous coupling, ẹ̀rọ kan tó ní òróró tó ki nínú, ló sì ń pín agbára fún wọn, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún síwájú, 65 sẹ́yìn. Bí táyà kan bá kéré ju èkejì lọ, coupling náà ò ní sinmi, á gbóná títí á fi jóná, rírí òmíràn sì le gan-an.

Alignment, ìyẹn títo táyà kí wọ́n lè dúró gún, ló kẹ́yìn. Bí sítíárìn bá ṣì ń fà sápá kan, ẹ fi táyà iwájú ọ̀tún sósì, kí ẹ fi tòsì sọ́tùn-ún. Bó bá wá ń fà sí apá kejì, táyà ló ni ẹ̀bi. Bí kò bá yí padà, ẹ gbé e padà fún alignment.