Bí ẹ ṣe lè fi ẹ̀rọ ṣọ́ èébú tí wọ́n ń bú obìnrin lórí Facebook

Èmi ni admin gúrúùpù àwọn obìnrin tó ń tajà lórí Facebook nílùú Ilé-Ifẹ̀, láti Lágéré títí dé Sábó. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ má dúró kí ẹ̀rọ dá èébú Yorùbá mọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn obìnrin tí wọ́n ti bú rí. Ẹ kọ èébú tí wọ́n bá dárúkọ sílẹ̀, bí àwọn eléèébú ṣe ń kọ ọ́ gan-an: asewo, ashewo, ash3wo, dalemosu. Ẹ kó èyí tí kò ní ìtumọ̀ méjì sínú Admin Assist, irinṣẹ́ tí Facebook fún àwọn admin gúrúùpù, yóò máa yọ wọ́n.

Ibi tó le wà níwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹni tó kọ “aje” lè máa pe ìyá arúgbó kan ní àjẹ́, ó sì lè máa kí oníṣòwò pé ajé á wọgbá. Bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ máa pa á rẹ́, ìkíni ọjà lẹ máa pa rẹ́, pàápàá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Irú èyí, kí ẹ̀rọ kàn ta yín lólobó, kí ẹ fojú ara yín kà á.

Èyí tó ń dùn mí jù kò ní èébú kankan nínú. Obìnrin gbé aṣọ tó ń tà síta, ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ṣé o ò nílé ọkọ ni?” Àkójọ ọ̀rọ̀ ò lè mú ìyẹn. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kó fi àpẹẹrẹ kọ́mẹ́ǹtì inú gúrúùpù yín kọ́ AfroXLMR, ẹ̀rọ kan tó ń ka èdè Áfíríkà, tó jáde ní 2022 tó sì ti ka Yorùbá. Kí èèyàn méjì sàmì sí kọ́mẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, bóyá èébú ni tàbí kì í ṣe èébú, láìwo ti ara wọn. Níbi tí ẹnu wọn ò ti kò, ẹ bi wọ́n nídìí. Ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kúrò. Ẹ ya díẹ̀ nínú àwọn kọ́mẹ́ǹtì náà sọ́tọ̀ tí ẹ̀rọ ò rí rí, kí ẹ fi dán an wò: nínú èébú tó wà níbẹ̀, mélòó ló mú? Nínú ohun tó mú, mélòó ni èébú lóòótọ́? Lójú tèmi, ó sàn kó mú jù, níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń halẹ̀ láti ṣe obìnrin kan léṣe, ẹ ya àwòrán ojú fóònù kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́, kí ọjọ́, àkókò àti líǹkì ẹni tó kọ ọ́ hàn. Abala 24 Òfin Cybercrimes ti 2015, òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kan ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹlòmíràn bá obìnrin náà ya àwòrán yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí wọ́n bú tún máa kà á.