Àṣìṣe tí akọrin kan àti onígìtá kan máa ń ṣe nínú orin jáàsì pẹ̀lẹ́

Tó bá jẹ́ ohùn kan àti gìtá kan péré, kò sí ìlù tàbí fèrè tí ẹ lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àlàfo inú orin á wá máa ba olórin lẹ́rù, wọ́n á sì fẹ́ dí gbogbo rẹ̀ pa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wá.

Onígìtá ni mo máa kọ́kọ́ bá wí. Akọrin ń kọrin lọ́wọ́, òun náà ń ta okùn bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí ohùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu akọrin, kọ́ọ̀dù olóhùn mẹ́ta kan, ìyẹn ohùn mẹ́ta tí ẹ ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti tó, ẹ jẹ́ kó dún tán. Ìgbà tí akọrin bá mí ni kí gìtá fèsì. Ẹ má sì fi okùn òkè ta ohùn gan-an tí akọrin ń kọ: bí ẹnì kan bá fi díẹ̀ yẹ̀, etí á mú un lójú ẹsẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ ohun tí akọrin Ella Fitzgerald àti onígìtá Joe Pass gbà sílẹ̀ ní 1973, ohùn àti gìtá nìkan. Joe Pass mọ gìtá ta dé góńgó, síbẹ̀ ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Èyí tó le jù ni ìyára orin. Akọrin jáàsì a máa fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ìlù (ìwọ̀n tí orin ń bá lọ ni mo ń pè ní ìlù níbí, kì í ṣe ìlù tí à ń lù), ẹwà orin sì ni. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí onígìtá máa dúró dè é. Ó dúró, akọrin tún fà sẹ́yìn sí i, òun náà tún dúró. Kí orin tó dé ìdajì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Kí gìtá máa bá tirẹ̀ lọ, akọrin á bá a níwájú. Ẹ lè tú ìlù ká ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, ṣùgbọ́n láàárín, kí ẹnì kan dì í mú. Metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, tó ń ró létí látìbẹ̀rẹ̀ dópin kọ́ ni oògùn rẹ̀ o. Ẹ fi mú ìwọ̀n, kí ẹ pa á.

Ẹ ṣírò gígùn orin pẹ̀lú. Orin oní-báà 32 (báà ni ìpín kéékèèké tí a pín orin sí), ìlù 4 nínú báà kan, tí ẹ bá ń lo ìlù 60 ní ìṣẹ́jú kan, á gba ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 8 kí ẹ tó kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, tí gìtá dá tirẹ̀ ta tán, tí ẹ tún kọ ọ́ látòkè, ó ti lé ní ìṣẹ́jú 6 nìyẹn. Kí gìtá dá báà 16 ta, kí akọrin wọlé padà ní báà 17.

Kíì inú ìwé, ìyẹn ìpele ohùn tí wọ́n kọ orin sí, kì í ṣe òfin. Akọrin ni kó yàn án, bí kò tilẹ̀ rọ ọwọ́ onígìtá lọ́rùn.

Tó bá jẹ́ gìtá tí kò lo iná, ẹ má gbé máíkì dojú kọ ihò rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ á bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ara rẹ̀ ni kí ẹ kọjú rẹ̀ sí, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30. Okùn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so láàárọ̀ ọjọ́ náà á máa yẹ̀ kúrò lóhùn, á sì máa han létí bí ìka ti ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ so ó ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Tí ẹ bá ń tún ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ ṣe, ẹ má gé mímí akọrin kúrò. Ẹ má sì da reverb, ìró tó ń dún padà bíi ti inú gbọ̀ngàn, lé ohùn títí ọ̀rọ̀ ò fi ní yéni mọ́. Ní ti ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe, bí ẹ bá jọ wà nínú yàrá kan, gìtá á ti wọ inú máíkì akọrin. Bí ẹ bá fa ohùn sókè, gìtá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á bá a gòkè, á sì máa bá gìtá inú máíkì kejì jà. Àwọn kan á ní kí àwọn kúkú gba méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn tún burú jù, torí pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìgbà tí ẹnì kejì fẹ́ mí mọ́. Ẹ tún un kọ látòkè.