Ẹ Má Tíì Sanwó: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ríra Ilẹ̀ ní Kétu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Orílẹ̀-èdè Benin

Bàbá mi ra ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Ó san owó rẹ̀ tán, ó sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun fi ogún sílẹ̀ fún wa. Ìwé tí wọ́n fún un wà lọ́wọ́ mi títí di òní: tákàdá kan ṣoṣo tí wọ́n fọwọ́ kọ, tí ẹlẹ́rìí mẹ́ta fọwọ́ sí, tí olórí àdúgbò lu òǹtẹ̀ lé. Kò tíì pé ọdún méjì tí a sin ín tí àwọn àbúrò ẹni tó ta ilẹ̀ náà fi dé. Wọ́n ní ilẹ̀ ẹbí ni, ẹnikẹ́ni kò pe àwọn lọ́jọ́ tí wọ́n tà á. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Ta ni yóò bá ọ ṣe ìwé?" Ìdáhùn tí mo sábà ń gbọ́ ni, "Ẹni tó ń tà á ti ní ẹni tí yóò ṣe é." Àyà mi máa ń já.

Ẹ má ka convention de vente sí ìwé onílẹ̀

Ohun tí convention de vente, ìwé àdéhùn títà, ń sọ kò ju pé Lágbájá gba owó lọ́wọ́ Làmọ̀rín lọ. Bóyá Lágbájá ló ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, tákàdá náà kò mọ̀. Òfin ilẹ̀ Benin, Code foncier et domanial ti oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, fi í hàn kedere pé titre foncier ni ìwé tó fi ìdí ohun-ìní múlẹ̀. Attestation de détention coutumière (ìwé ẹ̀rí pé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni nípa àṣà), attestation de recasement (ìwé ilẹ̀ tí wọ́n fún ẹni lẹ́yìn tí ìjọba pín ilẹ̀) àti ìwé owó orí ilẹ̀ wúlò, nítorí wọ́n ń jẹ́rìí pé ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ní wọn. Àmọ́ ẹlòmíràn ṣì lè dìde kó bá a jà á.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lápò yín, ẹ lọ wádìí ilẹ̀ náà lọ́dọ̀ ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní àwọn kọ́múùnù, ẹ béèrè ní mérì, ilé ìjọba ìbílẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ní cadastre.bj. Bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ ní titre foncier, ẹ má tíì sinmi: ó lè jẹ́ pé onílẹ̀ ti fi í ṣe ìdúró owó tó yá ní báńkì.

Ẹ má wá lọ́yà níbi tó yẹ kí ẹ wá notaire

Ọ̀pọ̀ wa ní ẹbí ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìlarà, títí dé Abẹ́òkúta. Ní òdìkejì bodè yẹn, lọ́yà ló ń bá ènìyàn ṣe ìwé ilẹ̀, àwa náà sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Benin, notaire ni ìjọba fún ní àṣẹ àti èdìdì láti kọ ìwé tí ilé ẹjọ́ kò ní bi yín léèrè ẹ̀rí lórí rẹ̀. Títa ilẹ̀ tó ní titre foncier gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Avocat, ìyẹn lọ́yà, wúlò gan-an bí ọ̀rọ̀ bá ti di ẹjọ́.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà, tàbí démarcheur, alágbàtà tó ń wá owó tirẹ̀ láàárín yín, yan notaire fún yín. Ẹ wá tiyín. Ẹ béèrè ní Chambre des notaires, ẹgbẹ́ àwọn notaire, bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ fúnra yín, nítorí àwọn kan ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ tí wọn kò ní. Tí ẹ bá jókòó síwájú rẹ̀, ẹ bi í pé: Èló ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́? Èwo ni ti ìjọba, èwo ni owó iṣẹ́ yín, èwo ni ti géomètre tó ń wọn ilẹ̀? Àwọn ìwé wo ni ẹ máa yẹ̀ wò kí n tó sanwó? Ta ni yóò máa dá mi lóhùn tí mo bá pè? Kó kọ iye owó náà sílẹ̀ fún yín. Notaire tí ìbéèrè báyìí bá ń bí nínú, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Owó ilẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ má kó o fún démarcheur, ẹ má kà á sílẹ̀ lábẹ́ igi. Ọwọ́ notaire ni kó gbà, kí ó já rìsíìtì.

Ẹ má rà lọ́wọ́ ọmọ kan nínú ẹbí

Èyí ló dun bàbá mi, òun ló sì ń dun ènìyàn jù ní agbègbè wa. Ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí lè jẹ́ ẹni iyì, kó jẹ́ òun ló ń dá oko náà láti ogún ọdún, síbẹ̀ kò lè dá nìkan ta ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Ẹ béèrè ìwé ìpàdé ẹbí, kí orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ hàn, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè àwọn tó wà ní Kútọnu, ní Gàbọ́ọ̀nù, ní Èkó. Ẹ béèrè àwọn ọmọbìnrin. Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé obìnrin kì í jogún ilẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ẹbí Benin ti 2004 fún ọmọbìnrin ní ìpín bíi ti ọmọkùnrin. Ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ tí ẹ kò kà sí, òun náà lè pè yín lẹ́jọ́ lọ́la.

Pèrègún nìkan kò tó

Bí wọ́n bá mú yín lọ wo ilẹ̀, wọn yóò nawọ́ sí pèrègún, wọn yóò ní ààlà nìyẹn. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ sì pe géomètre tó ní ìwé àṣẹ, kó wọ̀n ọ́n lójú àwọn aládùúgbò. Tí ilẹ̀ náà kò bá tíì gba lotissement, ìyẹn ètò ìjọba láti pín ilẹ̀, ẹ má fi gbogbo ìwọ̀n tí ẹ sanwó lé lórí ṣe ètò ilé. Ọjọ́ tí wọ́n bá pín in, wọn yóò gé ọ̀nà, ilé ìwé àti ọjà kúrò lára rẹ̀. Èyí tí wọn yóò dá padà fún yín lè kéré, ó sì lè bọ́ sí ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ẹbí wa tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà: òfin kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Benin ra ilẹ̀ oko níbí. Ẹ má fi orúkọ àna tàbí ọ̀rẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé ló ni ín.

Tí ẹ bá ti sanwó kí ẹ tó ka èyí, ẹ padà lọ báyìí, nígbà tí àwọn tó fọwọ́ sí ìwé yín ṣì wà láyé. Nínú ẹlẹ́rìí mẹ́ta bàbá mi, ẹyọ kan ló kù. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Mo ka tákàdá náà sí i létí, ó dákẹ́ títí, ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹbí wọn ti wá gba owó tó kù?" A kò mọ̀ rí pé owó kan kù.