Bẹ́ ẹ ṣe lè se ẹ̀fọ́ kó lè ṣe ọkàn yín lóore

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tó jẹ́ mọ́mì àti dádì yín ló ní in, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa o, àmọ́ ohun tó yẹ kó bá wa tọ́jú ọkàn nínú ẹ̀fọ́ yẹn, inú sínkì la ń dà á sí pẹ̀lú omi tá a fi bọ̀ ọ́, èyí tó wá ṣẹ́ kù, a tún ń fi máòtìwọ́ọ̀ṣì pa àwọn bakitéríà tó yẹ kó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.

Nítíréètì ni mò ń sọ. Inú ilẹ̀ ni ewéko ti ń fà á, inú ewé àti igi ewé ló sì máa ń pọ̀ sí, kì í pọ̀ nínú èso, ìdí nìyẹn tí tòmátì àti ata ò fi lè bá tẹ̀tẹ̀ du ipò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tá a bá jẹ ẹ́ tán, á wọnú ẹ̀jẹ̀, ara á wá kó bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ padà sínú itọ́ ẹnu. Lẹ́yìn ahọ́n wa lọ́hùn-ún làwọn bakitéríà kan ń gbé, àwọn ló ń sọ nítíréètì yẹn di nítíráìtì, ara wa fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe. Tá a bá ti gbé itọ́ yẹn mì, nítíráìtì á di gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní nitric oxide nínú ikùn àti nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀ kó sì fẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá. Iṣẹ́ tí Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad ṣe lórí nitric oxide yìí ló jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998.

Kì í ṣe àhesọ o. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ kan ní London fún àwọn tára wọn le ní ìdajì lítà omi bitirúùtù mu, kó tó tó wákàtí mẹ́ta BP wọn ti wálẹ̀, èyí tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa tu itọ́ dànù dípò kí wọ́n gbé e mì, BP ò wálẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2015, ní Queen Mary University of London, wọ́n fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní 250 mílílítà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nọ́ńbà òkè BP wọn fi bíi 8 wálẹ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe dáwọ́ ẹ̀ dúró, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ó ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Torí náà ohun ojoojúmọ́ ni.

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra bitirúùtù olówó ńlá ṣá. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti bitirúùtù, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, tẹ̀tẹ̀ sì wà lára àwọn ewé tí nítíréètì pọ̀ nínú wọn dáadáa. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan bá a ṣe ń sè é. Nítíréètì máa ń yòrò sínú omi, tẹ́ ẹ bá bọ ẹ̀fọ́ nínú omi púpọ̀, tẹ́ ẹ wá fún un gbẹ, ẹ ti da púpọ̀ nínú ẹ̀ nù. Mo mọ̀ pé torí kí ọbẹ̀ má bàa ṣomi la ṣe ń fún un, àmọ́ ọ̀nà míì wà. Ẹ fọ ewé náà lódindi kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ má rẹ́ ẹ tán kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ wá dà á sínú asẹ́ kí omi ara ẹ̀ ro dáadáa. Ẹ dín ata yín pẹ̀lú irú àti epo díẹ̀ títí omi ata á fi gbẹ pátápátá, ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti ní sùúrù torí òun ló máa sọ bóyá ọbẹ̀ á ṣomi. Ẹran àti ẹja ti gbọ́dọ̀ jinná sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i, ẹ rò ó, ẹ má dé e, ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Tó bá jẹ́ ewé tó ti gbó ni, tó di dandan kẹ́ ẹ bọ̀ ọ́, omi díẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì fi omi yẹn se ata. Ewédú ò ní wàhálà yìí, omi tá a fi sè é náà la fi ìjábẹ̀ jà á mọ́, àmọ́ ẹ fi káún sílẹ̀ tí BP bá ń dà yín láàmú, sódíọ̀mù pọ̀ nínú ẹ̀. Iyọ̀ náà, ẹ fọwọ́ mú un.

Ẹ má fi ẹ̀fọ́ sísè sílẹ̀ lórí tábìlì mọ́jú, bakitéríà lè máa sọ nítíréètì ẹ̀ di nítíráìtì níbẹ̀, èyí tó ń ti inú itọ́ wá díẹ̀díẹ̀ ò burú, àmọ́ tó bá ti pọ̀ jù nínú oúnjẹ, ó lè ṣeni léṣe, pàápàá ọmọ kékeré, inú fíríìjì ni kó wà. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni tiẹ̀, ẹ má fún un ní omi ẹ̀fọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́nu. Máòtìwọ́ọ̀ṣì tó ń pa kòkòrò, pàápàá èyí tó ní chlorhexidine, kò mọ bakitéríà rere yàtọ̀ sí búburú. Lọ́dún 2013 wọ́n ní káwọn tí ara wọn le lò ó fún ọjọ́ méje, nítíráìtì itọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, BP wọn sì gòkè díẹ̀. Tí dókítà eyín bá ní kẹ́ ẹ lò ó, ẹ lò ó fún iye ọjọ́ tó sọ, àmọ́ kẹ́ ẹ máa fi fọ ẹnu láràárọ̀ torí kẹ́nu lè máa ta sánsán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín dáadáa ó ti tó. Oògùn apakòkòrò (antibiotic) tá a kàn ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì láìsí pé dókítà kọ ọ́ náà ń pa àwọn bakitéríà rere yẹn.

Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa ní tiẹ̀, kó má tẹ̀ lé mi lórí ọ̀rọ̀ omi yẹn o, potássíọ̀mù inú ẹ̀fọ́ lè ṣe é léṣe, bíbọ̀ kó sì da omi nù ló dáa fún un. Ẹni tó ń lo warfarin, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fi kún ẹ̀fọ́ tó ń jẹ. Tẹ́ ẹ bá mu bitirúùtù tí ìtọ̀ yín pọ́n, ẹ má jáyà.

Ẹ má dá oògùn BP yín dúró torí ẹ̀fọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn BP nílé, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé apá lé tábìlì kó ṣe déédéé pẹ̀lú àyà, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ bá dókítà, òun ló máa sọ bóyá kí wọ́n dín oògùn kù tàbí kó wà bó ṣe wà.