Bí a ṣe gbé yàrá àti pálọ̀ lé orí gáréèjì wa n'Íbàdàn

Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbà láti fi Ṣakí sílẹ̀ kí wọ́n wá máa bá wa gbé n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ yàrá di ọ̀rọ̀ ńlá nínú ilé. Yàrá mẹ́ta ni a ní, kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn ọmọkùnrin wa méjì ló wà nínú èyí tó sún mọ́ bálùwẹ̀, yàrá yẹn gan-an ló sì yẹ màmá, torí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè rìn jìnnà lóru. Ibi tí àwọn ọmọ máa kó lọ ni a wá ń wá. Ẹ̀yìnkùlé ò gba ilé mọ́: kànga wà lápá kan, sókàwéè wà lápá kejì, ààyè tí òfin ní kí á fi sílẹ̀ láàárín ilé àti fẹ́ńsì ló gba ìyókù. Ó ku gáréèjì.

Gáréèjì náà dá dúró lọ́tọ̀ sí ilé. Ó gba mọ́tò méjì, ó gùn tó mítà 6, ìbú rẹ̀ tó 5.5, páànù ni wọ́n fi bò ó. Lásìkò yẹn, kò sẹ́ni tó wọlé wa tí kò ní ìmọ̀ràn, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni pé kí á ṣáà ká páànù kúrò, kí á da dẹ́kìnnì, ìyẹn kọnkéré pẹlẹbẹ tó máa jẹ́ ilẹ̀ ilé òkè, lé ògiri, kí á mọlé lé e. Ọ̀gá bíríkìlà tó mọ fẹ́ńsì wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ògiri yìí le. Látọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, ṣé ẹ rí i kó là?” Lóòótọ́, kò là. Ṣùgbọ́n igi àti páànù nìkan ló ń rù látọjọ́ yìí.

Ọkọ mi ní òun ò ní dá a lé bíríkìlà. Ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni a pè, ọmọdékùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìṣirò tó kọ́kọ́ ṣe fún wa, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é lórí fóònù. Kọnkéré onírin tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, máa ń wúwo tó kìlógírámù 2,400. Bí dẹ́kìnnì bá nípọn tó ínǹṣì 6, ìyẹn mìlímítà 150, tí a sì tẹ́ ẹ ká orí gáréèjì tó fẹ̀ tó tiwa, ó ku díẹ̀ kó pé tọ́ọ̀nù 12. Bí ẹni to Corolla mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lé ògiri náà lórí ni, a ò tíì sọ ti búlọ́ọ̀kù òkè, ti òrùlé, ti bẹ́ẹ̀dì àti ti àwọn ènìyàn.

Lẹ́yìn èyí ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi méjì kí òun lè fojú rí ìpìlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò onínǹṣì 6 ni wọ́n fi mọ ògiri. Kọnkéré abẹ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò jìn wọlẹ̀ kọjá orúnkún, kò sí irin kankan nínú rẹ̀, òpó ò sì sí níbì kankan. A ò lè bá ẹni tó kọ́ ọ wí: gáréèjì ni wọ́n ní kó kọ́, ìpìlẹ̀ gáréèjì ló sì ṣe. Ìgbà tí ilé tó ní ilé-ìwé nínú wó ní Ìta Fáàjì, l'Ékòó, ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 2019, a wo ìròyìn náà lórí tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó bá ẹnjiníà du owó iṣẹ́ rẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Ohun tó ní kí á ṣe ni pé kí ilé òkè má gbára lé ògiri àtijọ́ rárá. Òpó tuntun mẹ́fà ni yóò gbé e, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, kálukú pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Níbi tí òpó kọ̀ọ̀kan máa dúró sí, wọ́n gé ògiri láti òkè délẹ̀, wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n fi kan ilẹ̀ pupa líle. Gbogbo ihò náà ló jìn ju mítà kan lọ. Wọ́n kọ́kọ́ da kọnkéré fẹ́lẹ́ sísàlẹ̀ kí irin má baà kan erùpẹ̀, wọ́n tẹ́ irin onímìlímítà 12 tí wọ́n so níbùú lóòró, wọ́n gbé irin òpó dúró sáàárín rẹ̀, kí wọ́n tó wá dà á pa. Ẹnjiníà ò jẹ́ kí wọ́n gé ògiri níbi méjì tó kọjú síra lẹ́ẹ̀kan náà. Òpó kan gbọ́dọ̀ le kí wọ́n tó bọ́ sórí èyí tó dojú kọ ọ́. Iṣẹ́ ọ̀hún fà, ọ̀gá bíríkìlà kùn títí. Èmi fẹ́ràn bó ṣe ń fà yẹn, torí ó fún wa láyè láti máa wá owó.

Bíìmù mẹ́ta ló dábùú lórí àwọn òpó náà láti ọ̀tún dé òsì. Bíìmù tó máa na mítà 5.5 láìsí òpó láàárín ò lè jẹ́ pẹlẹbẹ. Tiwa jìn tó mìlímítà 450, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò rèé: inú gáréèjì ni bíìmù náà máa sọ̀ kalẹ̀ sí. Ká ní ibi tí ògiri àtijọ́ ga mọ ni a gbé e lé, jíìpù ọkọ mi ò ní wọlé mọ́. Wọ́n fà òpó ga sí i, wọ́n sì fi ìlà búlọ́ọ̀kù kún ògiri kó lè bá a dọ́gba.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ ni a ti lọ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó ti ní pláànù tí ìjọba fọwọ́ sí fún ilé ìsàlẹ̀ kò tíì ní ti òkè. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń yà á, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ sí i. Àwòrán ilé, àwòrán irin tí ẹnjiníà fi òǹtẹ̀ lù, sọ́fè, ìwé ilẹ̀ àti ìwé owó orí la kó lọ. Ìjókòó pọ̀ níbẹ̀, ẹ gbé nǹkan kíkà dání.

Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kọ́ ló gba ọgbọ́n jù, ojú ni. Ẹni tó bá gun òkè, kó fẹ́ kó kọ̀, á máa wo àgbàlá ẹlòmíràn. Gáréèjì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fẹ́ńsì Alhájà tó ń gbé lẹ́yìn wa, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń sá aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Èmi àti ọkọ mi mú àwòrán náà dání, a lọ kí wọn lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́. Wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ní, “Ìyàwó, fèrèsé mélòó ló kọjú sọ́dọ̀ mi?” A fi hàn wọ́n pé kò sí ju ti bálùwẹ̀ lọ, kékeré, ó sì ga ju orí èèyàn lọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún béèrè ibi tí omi òjò orí páànù máa dà sí. Ẹnì kankan ò tíì bi wá ní ìyẹn, títí kan ọ́fíìsì tí a ti lọ gba ìwé àṣẹ. A tún òrùlé yà lọ́jọ́ kejì, kó lè dagẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ tiwa nìkan. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ irú ilé yìí, ẹ lọ bá aládùúgbò yín kí ọkọ̀ yanrìn tó dé. Bó bá jẹ́ ìgbà tí búlọ́ọ̀kù ti gòkè ni wọ́n rí i, ìjà ni.

Òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ ti mú, nígbà tí ó tó àkókò àti da dẹ́kìnnì. Káfíńtà tẹ́ pákó tí a rà ní Bódìjà, ó fi ọparun gbé e ró lábẹ́. Àwọn tó ń tẹ irin so irin wọn. Kí wọ́n tó da ohunkóhun, mo gun àkàbà lọ wo bísíkíìtì: àwọn kọnkéré pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ irin kó má baà sùn lé pákó. Irin tó bá sùn lé pákó, ìta ló máa wà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ká pákó kúrò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Oníná náà ti wá to páìpù rẹ̀ àti àpótí tí wọ́n máa fi fáànù kọ́, pọ́ḿbà ti fi páìpù ńlá sí ojú ihò tí omi ìdọ̀tí máa gbà. Ẹni tí kò bá pe àwọn méjèèjì ṣáájú, á san owó ẹni tó máa gún dẹ́kìnnì fún un.

Sìmẹ́ǹtì ọ̀kan, yanrìn méjì, gíránáìtì mẹ́rin. Dẹ́kìnnì àti bíìmù jẹ tó àpò sìmẹ́ǹtì 50. Omi ló ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn lébìrà fẹ́ kó ṣàn kó lè rọrùn láti tẹ́, bẹ́ẹ̀ omi tó bá pọ̀ jù ni kì í jẹ́ kí kọnkéré le. Ẹnjiníà wa tí kì í sọ̀rọ̀ dúró ti míksà látàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni garawa omi wà, kò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kan náà ni a gbọ́dọ̀ fi parí, torí ibi tí kọnkéré àná bá ti pàdé tòní ni omi máa ń gbà jò. Mo se ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà ìkòkò ńlá kan, mo dín ẹran. Ẹni tó ń ru kọnkéré gun òkè, a kì í fún un ní búrẹ́dì lásán.

Lẹ́yìn ìyẹn, omi wíwọ́n di iṣẹ́ àwọn ọmọ, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọyẹ́ máa ń tètè fa omi ara kọnkéré, á sì là wẹ́wẹ́. A rẹ àpò sínú omi, a tẹ́ ẹ káàkiri orí rẹ̀. Ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń kà kí kọnkéré tó ní agbára tí wọ́n ṣírò fún un. A ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ọparun kí ó tó pé. Mọ́tò ń sùn níta.

Ti òkè yá ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Búlọ́ọ̀kù onínǹṣì 6, yàrá kan, pálọ̀ kékeré, bálùwẹ̀. Nígbà tí ògiri pé, ọ̀gá bíríkìlà fẹ́ kí irin òpó yọ sókè, “nítorí ọjọ́ iwájú, Mọ́mì.” Ẹ mọ irú irin bẹ́ẹ̀, ó wà lórí ilé káàkiri ìlú. Ẹnjiníà ní ìpìlẹ̀ tí òun ṣe ò gba àjà mìíràn, pé ẹni tó bá rí irin náà lẹ́yìn wa á rò pé ó gbà á. Wọ́n gé e.

Kí wọ́n tó lẹ táìsì bálùwẹ̀, wọ́n dí ojú ihò, wọ́n da omi kún ilẹ̀ rẹ̀, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a wá wo abẹ́ dẹ́kìnnì láti inú gáréèjì bóyá yóò tutù. Kò tutù. A tún gbé tánkì ga ju ti tẹ́lẹ̀, torí omi ò ní fipá gòkè. Páànù alúmíníọ́mù máa ń gbóná lọ́sàn-án, nítorí náà a gbé àjà ga, a fi ihò afẹ́fẹ́ sábẹ́ òrùlé, a sì jẹ́ kí fèrèsé kọjú síra.

Ìta ni àtẹ̀gùn wà, ìṣísẹ̀ 18, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ínǹṣì 6 àbọ̀. Ọkọ mi fẹ́ kó wà lẹ́yìn gáréèjì. Èmi ní iwájú fèrèsé kíṣìnnì mi ló máa wà. Mo mọ ìdí, àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n.

Ohun tí yàrá orí gáréèjì fi yàtọ̀ sí yàrá mìíràn ni pé mọ́tò ni aládùúgbò ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gáréèjì náà ni jẹnẹrétọ̀ wa wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo bẹtiróòlù. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní carbon monoxide nínú. Kò rùn, ojú ò sì rí i. Ẹni tó ń sùn lè gbà á símú kó má jí mọ́. A gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí igun fẹ́ńsì tó jìnnà, níta gbangba, kẹ́ẹ̀gì náà kúrò. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo àyíká páìpù tó gba dẹ́kìnnì kọjá pátápátá. Pálọ̀ ni a fi sápá ẹnu gáréèjì, fèrèsé yàrá tí wọ́n ń sùn kò sí lápá ibẹ̀. Ọkọ mi tó máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná fún ìgbà pípẹ́ láàárọ̀ ti ń lọ ṣe é lẹ́nu géètì báyìí. Ó ń ṣàròyé, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é.

N kò ní kọ iye owó, torí iye sìmẹ́ǹtì ìgbà tí a kọ́ ọ kọ́ ni ẹ máa bá lọ́jà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ àti dẹ́kìnnì ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí ẹ fi í sọ́kàn kí ẹ tó ka owó táìsì.

Ohun tó kù ni ariwo. Ilẹ̀kùn irin gáréèjì máa ń mi gbogbo òkè tìtì bí ọkọ mi bá ṣí i ní ìdájí. Wẹ́dà ti fi róbà sí etí rẹ̀, ó sì yí ìdè rẹ̀ padà. Ó dín kù, kò tíì tán, àwọn ọmọ sì ti ń sọ pé kí bàbá wọn máa jẹ́ kí mọ́tò sùn níta.