Bí ẹ ṣe lè bá ará Kánádà jiyàn òṣèlú kí kọfí tó tutù

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wẹ́háòsì kan ní Calgary ni mo fẹnu ara mi kó ara mi sí wàhálà. A wà ní yàrá ìjẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Trump àti owó orí tó fẹ́ gbé lé ọjà wọn, àti bó ṣe ní kí Kánádà wá di ìpínlẹ̀ kọkànléláàádọ́ta, èmi náà bá ní kí n dá sí i, mo ní ṣebí ọ̀kan náà kúkú ni ẹ̀yin àti Amẹ́ríkà, ẹ̀ ń sọ èdè kan náà, ẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n kan náà, kí ló wá ń bí yín nínú tó báyìí. Háà. Gbogbo wọn dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bú mi o, ọ̀kan nínú wọn kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní "well", ó dìde, ó lọ ń fọ kọ́ọ̀pù tí kò dọ̀tí.

Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti ń gbébí kí wọ́n tó bí àkọ́bí mi ló là mí lóye lọ́jọ́ Sunday. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o lè wọ Abẹ́òkúta lọ kó o bi wọ́n pé kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀ sí Ìjẹ̀bú?" Mo ní mi ò jẹ́ dán an wò. Ó ní, "Ó dáa, ohun tó o ṣe nìyẹn." Àtìgbà yẹn ni mo ti ń fetí sílẹ̀, mo sì ń bá wọn jiyàn náà, torí wọ́n ń jiyàn o, ẹ má jẹ́ kí "sorry, sorry" ẹnu wọn tàn yín jẹ, ariwo ni wọn ò kàn ń pa. Ohun tí mo ti rí kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti ẹni tó ti pẹ́ àmọ́ tó máa ń wo fóònù tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó la ẹnu rárá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti tọ́ onítọ̀hún dàgbà. Ìpínlẹ̀ 10 ló wà ní Kánádà, agbègbè 3 tún wà lókè lọ́hùn-ún, kò sì sí èyí tí kò ní ohun tó ń dùn ún. Bàbá kan ń wa fọ́kílífù lọ́dọ̀ wa, ará Newfoundland ni. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ni ìdílé yín dé Kánádà, wọ́n ní àwọn ò dé Kánádà, Kánádà ló wá bá àwọn nílé. Mo rò pé àwàdà ni. Àṣé nígbà tí wọ́n dá Kánádà sílẹ̀ ní 1867, ìpínlẹ̀ 4 péré ni, Ontario, Quebec, New Brunswick àti Nova Scotia, Newfoundland ò sí ńbẹ̀, ó di 1949 kí wọ́n tó wọlé, ìbò ni wọ́n sì fi wọlé, nǹkan bíi 52 nínú 100 ló ní àwọn fẹ́, ìyókù ní àwọn ò fẹ́. Ìyá bàbá yìí ò tíì kúrò lábúlé wọn rí, wọ́n sùn lálẹ́, wọ́n jí láàárọ̀, wọ́n ti di ọmọ Kánádà. Ẹ wá lọ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé gbogbo yín bákan náà ni.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tó ti wá, ẹ wo ìjọba tó ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ìdajì àríyànjiyàn ibí ló jẹ́ pé ẹni tí kò jẹbi ni wọ́n ń bú. Ọsibítù àti ilé ìwé, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n. Ológun, owó ìlú, físà, ti ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa nìyẹn. Yìnyín tí wọn ò kó kúrò lójú títì yín, ẹ lọ bá ìjọba ìlú. Èmi àti ọmọ mi ti jókòó wákàtí méje rí ní ọsibítù kan kí dókítà tó yọjú, ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń bú olórí ìjọba ní Ottawa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò ní okun láti sọ fún un pé ilé ìjọba tó wà ní Edmonton, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, ló yẹ kó kọjú sí. Ottawa náà ń fowó sí i o, òfin Canada Health Act ti 1984 ló sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbowó lọ́wọ́ ẹni tó wá rí dókítà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò ẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà ló tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Saskatchewan ní 1962, lẹ́yìn tí Tommy Douglas, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ti jà fún un, àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀ torí ẹ̀ nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí inú ará Saskatchewan dùn sí yín, ẹ dárúkọ bàbá yẹn.

Tí ẹnì kan bá ní "mi ò dìbò fún Carney", ìyẹn olórí ìjọba Kánádà, ẹ rọra. Kò sẹ́ni tó dìbò fún un àyàfi àwọn ará Nepean tó ń ṣojú fún. Aṣòfin àdúgbò yín lẹ̀ ń yàn, àga 343 ló wà ńbẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá lè kó àwọn aṣòfin tó pọ̀ tó sẹ́yìn ni ìjọba ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ Conservative lè ní ìbò ju ẹgbẹ́ Liberal lọ káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2019 àti 2021 kí Liberal sì tún ṣèjọba. Ó ń bí àwọn kan nínú gan-an, mi ò dá wọn lẹ́bi.

Ó kan èyí tó gbà mí lákòókò jù, torí Alberta ni mò ń gbé. Ọ̀sẹ̀ kan ò ní pé tẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ: "Àwa là ń wa epo, àwa là ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún Quebec, wọ́n á náwó wa tán, wọ́n á tún ní epo wa ń dọ̀tí ayé." Equalization ni wọ́n ń pe owó yẹn, Ottawa ló ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀ tí owó tó ń wọlé fún wọn ò tó, ó sì wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè láti 1982. Kò sí ṣẹ́ẹ̀kì tí Alberta ń kọ. Owó orí tí Ottawa ń gbà lọ́wọ́ mi ní Calgary, bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ náà nìyẹn fún ẹni tó ń gba iye owó tí mò ń gbà ní Halifax lọ́hùn-ún ní Nova Scotia, àpò kan náà ló ń lọ, látinú àpò yẹn ni wọ́n ti ń pín. Alberta ń san púpọ̀ torí owó oṣù ibẹ̀ ga ni. Lóòótọ́ Quebec ló ń gba iye tó pọ̀ jù lápapọ̀, èèyàn ló pọ̀ ńbẹ̀, tẹ́ ẹ bá pín in kan orí kọ̀ọ̀kan, Prince Edward Island kékeré yẹn ń gbà jù wọ́n lọ. Alberta fúnra ẹ̀ ti jẹ ńbẹ̀ rí, lọ́dún bíi mélòó kan lẹ́yìn tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 1957.

Ẹ má kó gbogbo èyí jáde lẹ́ẹ̀kan náà o. Mo ti ṣe é rí, mo tiẹ̀ gbé fóònù sókè kí ọmọkùnrin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lè kà á fúnra ẹ̀, ojú ẹ̀ kàn ń pọ́n sí i ni. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ìṣirò ló ń dùn ún, bàbá ẹ̀ ló ń dùn ún. Ní 1980, ìjọba Pierre Trudeau gbé ètò kan dé tí wọ́n pè ní National Energy Program, kí epo Alberta lè wà lówó pọ́ọ́kú fún ìyókù orílẹ̀-èdè kí Ottawa náà sì rí jẹ sí i nínú ẹ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ọrọ̀ ajé ibẹ̀ fi dẹnu kọlẹ̀, bàbá ọmọ yìí kó kọ́kọ́rọ́ ilé lọ fún báńkì. Èlé báńkì tó ga àti iye tí wọ́n ń ta epo lágbàáyé náà dá sí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn nípa ilé bàbá ẹ̀? Torí náà, ẹ jẹ́ kó sọ ti 1980 tán. Ẹ bu omi fún un. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá bi í pé kí ló fẹ́ kí Ottawa ṣe báyìí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi wà, torí ẹ lè wá rán an létí pé Ottawa yìí náà ló fi bílíọ̀nù 4.5 dọ́là ra páìpù Trans Mountain ní 2018, epo inú páìpù tuntun ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sétíkun ní 2024. Á ní kò bá má sídìí fún un láti rà á ká ní wọ́n jẹ́ kí oníṣòwò ṣe é. Èsì tó dáa nìyẹn. Ẹ ti ń jiyàn nìyẹn, ẹ ò jà mọ́.

Ti Quebec ṣòroó sọ fún àwa tá a wà níwọ̀-oòrùn torí níbí, bíbú Quebec dà bí ìkíni. Ẹ má bá wọn dá sí i láìronú. Ní 1995 wọ́n dìbò bóyá káwọn kúrò ní Kánádà, 50.58 nínú 100 ní rárá, 49.42 ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò tó ìbò 60,000, ẹni tó sì ti tó dìbò nígbà yẹn ṣì rántí yàrá tó jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Tí wọ́n bá ń fi òfin èdè Faransé ṣe yẹ̀yẹ́, Bill 101 ti 1977, tó ní káwọn ọmọ àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ sí ilé ìwé Faransé, ẹ ronú kan ara yín ná. Ọmọ tẹ́ ẹ bí síbí, èdè wo ló fi ń dá yín lóhùn? Èmi sọ Yorùbá sí tèmi láti orí àtẹ̀gùn dé ìsàlẹ̀, "okay Daddy" ni mo gbọ́. Àwọn yẹn wà láàárín òkun Òyìnbó tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rù ń bà wọ́n, ó yé mi. Èyí tí kò yé mi ni Bill 21 ti 2019, tó ní tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ní ilé ìwé ìjọba ò gbọ́dọ̀ wé ìbòrí tàbí láwàní, tí wọ́n sì lo apá 33 nínú ìwé òfin kí kóòtù má bàa lè wọ́gi lé e. Mo sọ fún obìnrin kan tó wá láti Trois-Rivières pé mo wà lẹ́yìn wọn lórí èdè, mi ò sí lẹ́yìn wọn lórí ìbòrí. Ó ní ìjọ Àgùdà fojú ìyá àgbà òun rí màbo, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fẹ́ rí ẹ̀sìn níléèwé mọ́. Mo ní tíṣà tó wé ìbòrí yẹn kọ́ ló ṣe é. Ó ronú díẹ̀. Kò gbà o, ṣùgbọ́n ó ronú.

Tí ọ̀rọ̀ bá kan Amẹ́ríkà, gbogbo wọn á di ọmọ ìyá lójijì. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àwọn làwọn sun White House. Lóòótọ́ wọ́n sun ún ní 1814, àmọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló sun ún, orílẹ̀-èdè Kánádà ò sì tíì sí. Ẹ lè sọ ọ́, kì í kàn ṣe ní alẹ́ tí họ́kì bá ń lọ lọ́wọ́. Ní 20 February 2025 tí wọ́n na Amẹ́ríkà 3-2 ní Boston, tí Connor McDavid gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, àwọn tó fẹ́ kí Alberta dá dúró wà nínú ilé ọtí tá a wà, wọ́n ń fò sókè pẹ̀lú gbogbo wa. Mi ò bi wọ́n léèrè.

Ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì ńkọ́? Wọ́n á sọ lójú yín pé èèyàn ti pọ̀ jù, ilé ti wọ́n. Ẹ má kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí. Ìjọba náà gbà pé àwọn sáré jù, wọ́n fi gbèdéke sí iye ọmọ ilé ìwé tó ń wọlé ní January 2024, lóṣù October ọdún náà wọ́n tún gé iye àwọn tí wọ́n fẹ́ fún ní ìwé ìgbélùú lọ́dún 2025 láti 500,000 sí 395,000. Èmi máa ń béèrè iye tí onítọ̀hún ń san fún ilé ni, èmi náà á sọ tèmi, a ó jọ bú lánlọ́ọ̀dù. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni àwa fúnra wa, ẹ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ẹ gbọ́ ẹni tó gba ìwé ẹ̀ lọ́dún 2016 tó ń ní "wọ́n ti ń kó èèyàn wọlé jù", àmàlà ò tíì tán lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ sha, àwa àjèjì ló sì máa ń sọ ọ́ jù: "gbogbo wa la ṣí wá síbí." Àwọn onílẹ̀, tó wà ńbí kí Òyìnbó tó dé, ò ṣí wá. Ọmọ wọn tó lé ní 150,000 ni wọ́n kó lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń nà wọ́n tí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn, ọ̀pọ̀ ò padà wálé, èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ilé ìwé yẹn ò sì tì títí di àwọn ọdún 1990. Ẹni tó wà ńbẹ̀ lè jẹ́ ẹgbẹ́ yín níbi iṣẹ́. Ní 30 September, ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ yẹn, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, ẹ má fi ọjọ́ yẹn jiyàn.

Oṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, wọ́n gbà á síbi iṣẹ́ wa. Ọmọ tó lọ́yàyà. Ó jókòó ti bàbá fọ́kílífù, ó ṣí oúnjẹ ẹ̀, ó bi gbogbo tábìlì pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àti Amẹ́ríkà, kí ló tiẹ̀ yàtọ̀ gan-an? Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ìdí síǹkì ni mo bá ara mi, mò ń fọ kọ́ọ̀pù.