Bí a ṣe ń fi ìṣẹ́jú kún aago nínú Excel

Ká ní ọkọ̀ kúrò ní Kétu ní 07:45, ẹ kọ ọ́ sí àpótí A2. Ìrìn dé Àjàṣẹ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 150, ìyẹn wà ní B2. Ẹ má kọ =A2+B2 o! Odindi ọjọ́ kan ni Excel ń pè ní 1, torí náà ọjọ́ 150 lẹ fi kún un, aago á sì dúró sí 07:45 bí ẹni pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ìṣẹ́jú 1440 ló wà nínú ọjọ́ kan: =A2+B2/1440 á fún yín ní 10:15.

Nínú Excel Faransé, =A2+TEMPS(0;B2;0) náà ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ; dípò kọ́mà. Ṣùgbọ́n TEMPS máa ń ju odindi ọjọ́ nù, 1440 ló dáa jù.

Bí #VALEUR! (àmì àṣìṣe) bá yọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 7h45 lẹ kọ. Ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn lójú Excel. Ẹ yan òpó aago nìkan, ẹ tẹ Ctrl+H, kẹ́ ẹ fi : rọ́pò h. Bí ẹ ò bá yàn án, orúkọ ìlú bíi Pahou á di Pa:ou.

Tí aago bá kọjá 00:00 òru: =MOD(A2+B2/1440;1). Fún àpapọ̀ wákàtí tó ju 24 lọ, [h]:mm ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìrísí (format) àpótí náà.